Aṣọ pọ́límà tí quantum dot ń wọ̀ kí ó tó wọ inú omi, àti inú ara

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ṣi àwọn tó ń kà nípa quantum dot, hóró bíńtín tó ń tàn, lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju "ó ń yòrò nínú omi" lọ. Iyọ̀ ń yòrò nínú omi. Ṣúgà ń yòrò. Bí a bá wá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ọ̀nà tí quantum dot fi ń yòrò, ọkàn wa á lọ síbi iyọ̀ àti ṣúgà, a ó sì gbà pé ó ti di ohun tí ara lè gbà nìyẹn. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò ń yòrò nínú omi dáadáa, síbẹ̀ ó ń bó ọwọ́. Èkejì ló le jù: quantum dot kì í yòrò bí iyọ̀ rárá. Bí ó bá yòrò bí iyọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí pé cadmium, irin olóró tó wà nínú rẹ̀, á tú jáde.

Ohun tí wọ́n ń pè ní yíyòrò níhìn-ín ni pé kí hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú omi lódindi, kí ó má lẹ̀ mọ́ èkejì, kí ó má sì silẹ̀ bí ògì ṣe ń silẹ̀ tí omidùn á wà lókè. Aṣọ tí wọ́n fi pọ́límà, mólékù tó gùn bí okùn, ṣe fún un ló ń mú kí èyí ṣeé ṣe. Aṣọ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ fún un, ohun tó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí ni quantum dot fúnra rẹ̀? Hóró kírísítálì ni, tó kéré débi pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju nánómítà 2 sí 10 lọ. Ẹ wo mìlímítà kan ṣoṣo lórí rúlà ọmọ ilé ìwé: bí a bá to hóró tó jẹ́ nánómítà 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 200,000 ló máa gba àyè kékeré yẹn. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi cadmium àti selenium ṣe. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í gbé iná kọjá fàlàlà bíi bàbà, kì í sì í dí iná lọ́nà bíi rọ́bà. Àárín méjèèjì ló wà, bíi silicon tó wà nínú fóònù wa.

Bí ìtànṣán ultraviolet bá bà á, á gba agbára ìtànṣán náà sínú, á sì tú u jáde bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀. Àwọ̀ wo? Bí hóró náà ṣe tóbi tó ló ń pinnu. Nínú agbo dùndún, kànnàngó kékeré a máa ké lóhùn òkè, ìyáàlù a máa dún lóhùn ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi àti awọ ni àwọn méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ ẹ́lẹ́ktírọ́ọ̀nù tí wọ́n sé mọ́ inú hóró yìí ṣe rí nìyẹn. Bí àyè bá há mọ́ ọn, agbára rẹ̀ á ga, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún mọ́ búlúù. Bí àyè bá fẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sún mọ́ pupa. Hóró cadmium selenide tó jẹ́ bíi nánómítà 2 ń tàn búlúù. Tó bá tó bíi 6, pupa ni. Èròjà kan náà, ìkòkò kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Alexei Ekimov ló rí bí ìwọ̀n hóró ṣe ń pinnu àwọ̀ nínú gíláàsì aláwọ̀ ní Soviet Union, tó sì gbé e jáde ní 1981. Louis Brus tó wà ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà rí i nínú nǹkan olómi ní 1983, láìmọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ ní òdì kejì ayé. Ní 1993, Moungi Bawendi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní MIT rí ọ̀nà tí gbogbo hóró inú ìkòkò kan fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn mẹ́ta yìí ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì ní 2023.

Ọ̀nà tí Bawendi là yìí ló dára jù, òun náà ló sì dá wàhálà omi sílẹ̀. Ohun ọlọ́ràá kan tí wọ́n ń pè ní TOPO ni wọ́n ń gbé kaná títí ooru rẹ̀ á fi tó bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ da èròjà tó ní cadmium àti èyí tó ní selenium sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíá, hóró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Mólékù TOPO ní orí kan àti ìrù mẹ́ta. Orí rẹ̀ á di ara hóró mú, ìrù rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá á na síta. Ìrù wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí hóró kan lẹ̀ mọ́ èkejì, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí ó hù kọjá ìwọ̀n. Ẹ kò gbọdọ̀ bínú sí TOPO: láìsí i, kò sí hóró tó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde nínú ìkòkò yẹn jẹ́ ọmọ epo. Bí ẹ bá dà á sínú omi, á kó ara rẹ̀ jọ, á sì kọ omi.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń fi kún un kí ó tó kúrò nínú epo. Láti nǹkan bí 1996 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi èèpo líle kan tí wọ́n ṣe láti ara zinc àti imí-ọjọ́ bo hóró náà. Èèpo yìí ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára púpọ̀ sí i, ó sì ń dáàbò bo inú rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ẹyìn ọ̀pẹ kan: ọmọ inú ekùrọ́ wà láàárín, èèpo líle yí i ká, ẹran ẹyìn tó kún fún epo wà lóde pátápátá. Bí quantum dot ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, kí pọ́límà tó kàn án.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà tó máa fi wọ omi? Torí pé omi ni ara. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí jẹjẹrẹ fara pamọ́ sí láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, aró tó ń tàn ni wọ́n fi ń wá a, àwọn aró àtijọ́ sì tètè ń ṣá lábẹ́ iná maikirosíkópù. Quantum dot kì í tètè ṣá. Síwájú sí i, iná kan ṣoṣo lè tan oríṣiríṣi àwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹ lè fi pupa sàmì sí nǹkan kan, kí ẹ fi àwọ̀ ewé sàmì sí òmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, kí ẹ sì rí méjèèjì pọ̀.

Ní 1998, iṣẹ́ méjì jáde nínú ìwé ìròyìn Science tó gbé quantum dot wọ inú omi. Ẹgbẹ́ tí Paul Alivisatos wà nínú rẹ̀ ní California fi gíláàsì silica bo hóró. Warren Chan àti Shuming Nie ní Yunifásítì Indiana bọ́ TOPO kúrò pátápátá, wọ́n sì fi mólékù kékeré mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mólékù yìí ní imí-ọjọ́ lápá kan tó ń di hóró mú, ó sì ní ásíìdì lápá kejì tó fẹ́ràn omi. Ọ̀nà kejì yìí yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, hóró rẹ̀ kì í tóbi jù. Àbùkù rẹ̀ wà nínú òwe wa pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Imí-ọjọ́ kan ṣoṣo ni mólékù kọ̀ọ̀kan fi dì mọ́ ara hóró. Bí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, á jábọ́. Bí ọ̀pọ̀ bá ti jábọ́, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ṣú.

Ọgbọ́n pọ́límà yàtọ̀ sí ti ìyẹn. Wọn kò bọ́ aṣọ epo náà rárá. Wọ́n wọ òmíràn lé e.

Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ fọ epo pupa kúrò lọ́wọ́ ti rí ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí. Mólékù ọṣẹ ní ìrù tó fẹ́ràn epo àti orí tó fẹ́ràn omi. Ìrù á wọ inú ẹ̀kán epo, orí á dojú kọ omi, epo á sì bá omi lọ. Bí a bá fi ọṣẹ lásán wọ quantum dot, á wọ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mólékù ọṣẹ ń wọlé ń jáde ni. Bí omi bá pọ̀ sí i, wọ́n á tú ká, wọ́n á fi hóró sílẹ̀ níhòòhò. Pọ́límà dà bí ẹni pé wọ́n to ọ̀pọ̀ mólékù ọṣẹ sórí okùn gígùn kan ṣoṣo. Ìrù rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn sì so mọ́ okùn náà. Àwọn ìrù yìí á wọ àárín ìrù TOPO bí eyín òòyà ṣe ń wọ inú irun. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju pé omi ń tì wọ́n sẹ́yìn, kò sì síbi tí ìrù ọlọ́ràá lè sá sí bí kò ṣe àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrù kan ṣoṣo ì bá tètè yọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fa ọ̀kùn kúrò lára igi: bí ẹsẹ̀ kan bá yọ, ọ̀pọ̀ mìíràn ṣì dì í mú, ẹsẹ̀ tó yọ náà á sì tún padà di ibẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí a wọ yàrá ìwádìí wò ó, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù. Ọ̀kan lára àwọn pọ́límà tí wọ́n ń lò jù ni wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí PMAO. Ìbátan rẹ̀ kan ni Wolfgang Parak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Munich ní Jámánì nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2004. Lára okùn pọ́límà yìí, àwọn òrùka kéékèèké wà tí wọ́n ṣì padé. Níwọ̀n ìgbà tí òrùka bá ṣì padé, pọ́límà náà kò fẹ́ràn omi. Inú chloroform, ohun olómi kan tó ń yọ́ epo, ló ti ń yòrò, níbi tí quantum dot ọlọ́ràá náà ti rọ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, wọ́n á po méjèèjì pọ̀ nínú chloroform, wọ́n á sì jẹ́ kí chloroform fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ ni ìrù pọ́límà ń wọ àárín ìrù TOPO, títí ohun tó kù nínú ìgò á fi di ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Bí wọ́n bá kánjú gbẹ ẹ, àwọn hóró á lẹ̀ mọ́ra wọn kí aṣọ tó dé ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i. Omi yìí kì í ṣe omi lásán. Wọ́n ti fi borate sọ ọ́ di òdìkejì ásíìdì, bí omi eérú ṣe jẹ́ òdìkejì omi ọsàn, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n tó ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀ sí i) sì wà ní bíi 8 sí 9. Omi náà á ṣí àwọn òrùka. Òrùka kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí á di apá méjì tó ní agbára iná bíi ti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Apá wọ̀nyí fẹ́ràn omi gidigidi, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn: nẹ́gẹ́tíìfù ń lé nẹ́gẹ́tíìfù. Ọmọ epo ìjẹta ti wọ omi, hóró kan kò sì jẹ́ kí èkejì sún mọ́ ọn. Nínú ìgò, ẹ óò rí omi tó mọ́ gaara. Bí ẹ bá tan iná ultraviolet sí i, gbogbo rẹ̀ á tàn yòò. Bí omi bá rí bíi kùrukùru, ẹ mọ̀ pé àwọn hóró ti dì.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Pọ́límà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo hóró ti wọṣọ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á di bọ́ọ̀lù òfìfo tí kò ní hóró kankan nínú. Tí wọn kò bá yọ wọ́n kúrò, bọ́ọ̀lù òfìfo yìí ló máa gba ohun tí wọ́n fẹ́ so mọ́ quantum dot lẹ́yìn ọ̀la, tí á sì lọ jókòó síbi tí quantum dot yẹ kó jókòó sí, láìní ìmọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ nánómítà 200 sẹ́ omi náà kí àwọn tó ti dì lè dúró sórí asẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá yí i, kí hóró tó wúwo lè lọ sísàlẹ̀, kí òfìfo wà lókè. Apá iṣẹ́ yìí kì í sí nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń ya iṣẹ́ tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára.

Ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí omi inú ìgò. Ó ní iyọ̀, iyọ̀ sì ń bo agbára nẹ́gẹ́tíìfù tó yẹ kó máa lé hóró kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ásíìdì náà ń pa á: nínú àwọn àpò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì fi ń da oúnjẹ rẹ̀, pH lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5, ibẹ̀ sì ni quantum dot sábà máa ń bá ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ohun àjèjì tó bá wọlé, tí wọ́n ń fi í hàn fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so PEG mọ́ aṣọ náà. PEG jẹ́ okùn rírọ̀ tí kò ní agbára iná lára, tí omi sì máa ń rọ̀ mọ́. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá dúró lára hóró bí koríko, purotéènì kò ní rí àyè lẹ̀, iyọ̀ kò sì ní rí nǹkan bò. Kì í ṣe àjèjì sí wa: ó wà nínú oògùn ìyàgbẹ́ kan, irú rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tó wé abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer àti Moderna.

Ohun gbogbo ló ní owó tí a ó san. Hóró tó jẹ́ nánómítà 5 pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tó bá ti wọ ìrù TOPO, tó wọ pọ́límà, tó tún fi PEG lé e, lè di nánómítà 15, tàbí kó kọjá 20. Ní 2007, ẹgbẹ́ tí Hak Soo Choi àti John Frangioni wà nínú rẹ̀ fi eku ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé èyí tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, aṣọ àti hóró, kò tó nánómítà 5.5 ló ń tètè bá ìtọ̀ jáde. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ kì í rí ọ̀nà kọjá nínú kíndìnrín. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń gbà á. Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú. Aṣọ tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ hóró náà ló ń mú kí hóró tóbi jù láti jáde kúrò nínú ara. Mi ò mọ apá mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó yẹ kí èèyàn ronú lé lórí tó èyí.

Síbẹ̀ aṣọ náà ti ṣe ohun tó ga. Apá ásíìdì tó ṣí sílẹ̀ lára pọ́límà jẹ́ ibi tí wọ́n lè so nǹkan mọ́, pàápàá antibody, èròjà agbógunti-àrùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ ohun kan pàtó tó máa ń dì mú. Ní 2002, Benoit Dubertret àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ní New York fi ọ̀rá tó ní PEG wé quantum dot, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan, wọ́n sì ń wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń pín bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín. Ní 2003, iṣẹ́ mìíràn lo pọ́límà ásíìdì tí wọ́n so ìrù ọ̀rá mọ́ láti fi sàmì sí Her2, àmì kan tó máa ń pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú kan. Ní 2004, Shuming Nie, tó ti lọ sí Yunifásítì Emory nígbà náà, lo pọ́límà onípele mẹ́ta pẹ̀lú PEG àti antibody, quantum dot sì lọ kó jọ síbi jẹjẹrẹ prostate ti ènìyàn tí wọ́n gbìn sí ara eku. Ìmọ́lẹ̀ náà hàn láti ìta ara eku tó ṣì wà láàyè. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tó bọ́ TOPO kúrò ní Indiana.

Ara ha lè bá a gbé bí? Cadmium kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ní agbègbè odò Jinzu ní Toyama, ní Japan, cadmium láti ibi ìwakùsà wọ inú omi tí wọ́n fi ń bomi rin ìrẹsì. Egungun àwọn èèyàn, pàápàá àwọn ìyá àgbà, rọ̀ títí tó fi ń kán. Itai-itai ni wọ́n pe àrùn náà, ìyẹn "yéè, ó ń dùn mí", ìjọba Japan sì gbà ní 1968 pé cadmium ló fà á. Bí ó bá wọ kíndìnrín, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀.

Ní 2004 kan náà, Austin Derfus, Warren Chan àti Sangeeta Bhatia fi quantum dot sára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku. Èyí tí atẹ́gùn tàbí ultraviolet ti bà jẹ́ tú cadmium sílẹ̀, ó sì pa sẹ́ẹ̀lì. Èèpo zinc dín in kù. Kò mú un kúrò pátápátá. Ní 2012 ẹgbẹ́ kan fún àwọn ọ̀bọ ní quantum dot tó wọ aṣọ ọ̀rá. Fún ọjọ́ 90, ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi àìsàn hàn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré. Ìròyìn tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn cadmium tó wà nínú ẹ̀yà ara wọn lẹ́yìn ọjọ́ 90 náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fún wọn ṣì wà nínú ara wọn, nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Aṣọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó gbó ni ọjọ́ 90 kò lè sọ fún wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á pé quantum dot kan "ara lè bá a gbé", ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè: sẹ́ẹ̀lì inú àwo ni tàbí ẹranko odindi? Fún ọjọ́ mélòó? Pẹ̀lú quantum dot tó pọ̀ tó báwo? Ṣé ó jáde nínú ara lẹ́yìn náà? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sínú ìgò àti ẹran ara tí wọ́n gé láti yẹ̀ wò kò ní kíndìnrín, ibẹ̀ sì ni mo rò pé quantum dot oní-cadmium ti lè ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ láìsí ìfòyà.

Fún inú ara, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti yíjú sí hóró tí kò ní cadmium, bíi indium phosphide, tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n QLED ti Samsung. Òun náà ní ìṣòro tirẹ̀: atẹ́gùn àti omi tètè ń bà á jẹ́, ó sì nílò èèpo zinc àti imí-ọjọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá gbígbóná ni wọ́n ti sábà ń se òun náà, ó sì ń jáde pẹ̀lú ìrù ọlọ́ràá lára. Ìrù ọ̀rá nìkan ni pọ́límà ń wá. Kò bìkítà fún ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Chloroform kan náà, òrùka kan náà tó ń ṣí, ẹ̀rọ kan náà tó ń yọ òfìfo kúrò: aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán fún cadmium bá ọmọ tuntun yìí mu láìyí ohun púpọ̀ padà.